Ibi Tí Ọwọ́ Ìwé Òfin Wa Kò Tó

Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ 30 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1996, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ya wọ ilé Olóyè Gani Fawehinmi, lọ́yà ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn, ní Ìkẹjà. Wọn kò mú ìwé àṣẹ kankan lọ́wọ́, wọn kò sì sọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ fún un. Wọ́n gbé e lọ. Nígbà tí àwọn lọ́yà rẹ̀ fi máa gba ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ lọ ní Èkó, inú ọgbà ẹ̀wọ̀n Bauchi ló wà. Èsì ìjọba ológun Ọ̀gágun Sani Abacha ni pé Dìkírì Kejì ọdún 1984 fún àwọn láṣẹ láti ti ẹnikẹ́ni mọ́lé nítorí ààbò ìlú, àti pé ilé ẹjọ́ kankan kò láṣẹ láti dá sí i.

Ṣé ìwé òfin orílẹ̀-èdè ni kí wọ́n dìrọ̀ mọ́? Àwọn ológun ti dá apá kan rẹ̀ dúró, wọ́n sì ti fi dìkírì borí èyí tó ṣẹ́kù. Òfin mìíràn ni àwọn lọ́yà Gani fà yọ: òfin ọdún 1983 tó sọ Àdéhùn Ilẹ̀ Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn di ara òfin Nàìjíríà. Ní Nairobi ni àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ti fẹnu kò lórí àdéhùn náà ní 1981. Àwọn aṣòfin ayé Shehu Shagari sọ ọ́ di òfin wa ní oṣù kẹta 1983. Kí ọdún yẹn tó parí, ológun ti gbàjọba. Ìjọba kan lọ, òmíràn dé, dìkírì ń gorí dìkírì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fagi lé òfin yẹn.

Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ. Ọjọ́ 28 oṣù kẹrin 2000 ni ìdájọ́ jáde, nígbà tí Abacha ti kú, tí ìjọba alágbádá sì ti padà dé. Adájọ́ Ogundare ló kọ ìdájọ́ tó lékè. Ohun mẹ́ta ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Èkíní, àdéhùn àgbáyé tí àwọn aṣòfin bá ti sọ di òfin, òfin tiwa ni, ilé ẹjọ́ gbọ́dọ̀ mú un lò. Èkejì, bí òun àti òfin mìíràn tí aṣòfin ṣe bá takora, òun ni yóò lékè, nítorí a kò gbọdọ̀ rò pé aṣòfin mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kí orílẹ̀-èdè yẹ àdéhùn tó bá àgbáyé ṣe. Ẹ̀kẹta, kò ga ju ìwé òfin orílẹ̀-èdè lọ, àwọn aṣòfin tó gbé e wọlé sì lè fagi lé e.

Èwo ló ga jù, ìwé òfin orílẹ̀-èdè ni tàbí àdéhùn àgbáyé? Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù nìyẹn, yálà láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin tàbí níbi àpérò àwọn lọ́yà. Ìdájọ́ ọdún 2000 ti dáhùn rẹ̀. Ìbéèrè tó ń jẹ mí lọ́kàn yàtọ̀ sí ìyẹn: ẹni tí wọ́n fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù, ta ni yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀? Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ló ni kóòtù, òun ló ni adájọ́, òun ló ni àṣẹ tí wọ́n fi ń tú ẹni tó wà ní àhámọ́ sílẹ̀. Síbẹ̀ àwọn ẹ̀tọ́ kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Àdéhùn àgbáyé kọ àwọn ẹ̀tọ́ wọ̀nyẹn sílẹ̀ kedere. Síbẹ̀ kò lè dá wọ kóòtù láìsí pé ìwé òfin gbà á láàyè. Níbi tí wọ́n bá ti ran ara wọn lọ́wọ́ ni aráàlú ti ń rí ìdájọ́ òdodo gbà.

Abala 12 ìwé òfin ọdún 1999 ló ṣètò bí àdéhùn ṣe ń wọlé. Ó ní kò sí àdéhùn kankan láàárín Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè mìíràn tó lè di òfin àyàfi bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ bá fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí òfin. Ìdí pàtàkì ló wà fún èyí. Ààrẹ ló ń rán aṣojú lọ sí New York tàbí Geneva. Bí ìfọwọ́sí aṣojú yẹn bá tó láti di òfin, a jẹ́ pé ẹnì kan lè jókòó sí Abuja kó máa ṣe òfin lé wa lórí láìsí aṣòfin. N kò rò pé ẹnikẹ́ni tó rántí ayé dìkírì yóò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ètò yìí ń ná wa kò kéré. Láti 1985 ni Nàìjíríà ti buwọ́ lu àdéhùn àgbáyé tó fòpin sí ìyàsọ́tọ̀ fún àwọn obìnrin. Ní 1993, ó wọ àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́, oúnjẹ, ìlera àti ẹ̀kọ́. Títí di bí mo ṣe ń kọ eléyìí, a kò tíì sọ èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì di òfin. Obìnrin tí wọ́n lé kúrò lórí ogún bàbá rẹ̀ kò lè gbé àdéhùn 1985 yẹn síwájú adájọ́ gẹ́gẹ́ bí òfin tí adájọ́ gbọ́dọ̀ tẹ̀lé. Ti àwọn ọmọdé tún ní ìdíwọ́ tirẹ̀: ọ̀rọ̀ ọmọdé wà lábẹ́ àṣẹ ìpínlẹ̀, nítorí náà Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Abuja ṣe ní 2003 ní láti gba ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan kọjá. Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007. Àwọn ìpínlẹ̀ míì lo ọ̀pọ̀ ọdún sí i. Ọmọ tí wọ́n bí ní 2003 ti di àgbà ní ibòmíràn kí òfin tó yẹ kó dáàbò bò ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé nǹkan òyìnbó ni gbogbo rẹ̀, pé ìwé òfin wa tó wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ẹ̀tọ́ inú ìwé òfin wa fúnra rẹ̀ ti wá. Kí a tó gba òmìnira, ẹ̀rù ń ba àwọn ẹ̀yà kéékèèké pé àwọn ńlá yóò tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ kan dìde lábẹ́ Henry Willink, àbọ̀ rẹ̀ tó jáde ní 1958 sì dámọ̀ràn pé kí a kọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sínú ìwé òfin. Àdéhùn Yúróòpù ti 1950 ni wọ́n wò kọ ọ́, àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì ti nà dé Nàìjíríà láti 1953. Ohun tí à ń pè ní Orí Kẹrin ìwé òfin lónìí, inú àdéhùn àgbáyé ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ wọ̀nyẹn nínú ìwé òfin rẹ̀ nígbà òmìnira, ṣùgbọ́n ó di 1998 kí ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì tó sọ àdéhùn yẹn di òfin tí aráàlú lè pè ní kóòtù London, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2000. Ta ló wá yá nǹkan lọ́wọ́ ta ni? Kí òyìnbó tó dé rárá ni Yorùbá ti ń sọ pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ohun kan náà ni abala 36 ìwé òfin wa ń sọ, òun náà sì ni abala 7 Àdéhùn Áfíríkà ń sọ.

Níbo wá ni ọwọ́ ìwé òfin wa kò tó? Orí Kejì ni. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kí ìjọba pèsè ẹ̀kọ́, ìlera àti ibùgbé, kó sì dáàbò bo àyíká. Ọ̀rọ̀ tó dára ni, ṣùgbọ́n abala 6(6)(c) ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn: ilé ẹjọ́ kò gbọdọ̀ gbọ́ ẹjọ́ lórí pé ìjọba kò tẹ̀lé Orí Kejì. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní iléèwé ìjọba kò lè fi abala 18, tó sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, pe ìjọba lẹ́jọ́.

Àdéhùn Áfíríkà kò ya àwọn ẹ̀tọ́ sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀. Abala 16 rẹ̀ sọ̀rọ̀ ìlera, abala 17 sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, abala 24 sọ̀rọ̀ àyíká, gbogbo wọn ló sì wà pa pọ̀ pẹ̀lú ẹ̀tọ́ sí ìyè àti òmìnira. Àjọ SERAP, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú, gbé èyí lọ sí ilé ẹjọ́ ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní Abuja nítorí owó ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé tí àwọn kan kó jẹ. Agbẹjọ́rò ìjọba ta ko ẹjọ́ náà pé Orí Kejì ni ẹ̀kọ́ wà, kò ṣe é pè lẹ́jọ́. Ní oṣù kẹwàá 2009, ilé ẹjọ́ náà ní abala 17 Àdéhùn Áfíríkà ni àwọn ń wò, pé ẹ̀tọ́ tó ṣe é pè lẹ́jọ́ ni. Ní oṣù kọkànlá 2010, ó pàṣẹ pé kí ìjọba dí àlàfo owó tí wọ́n jí kó, kí ìyà rẹ̀ má bàa jẹ ọmọ kankan. Ẹ̀tọ́ tí ìwé òfin ti ilẹ̀kùn mọ́ gba ojú ọ̀nà àdéhùn wọlé.

Ojú ọ̀nà yẹn gan-an, aráàlú ló là á. Ní 2003, oníṣòwò ọmọ Nàìjíríà kan fẹ́ lọ ra ọjà ní Orílẹ̀-èdè Benin, ìjọba sì ti bodè. Ó gbé ìjọba lọ sí ilé ẹjọ́ ECOWAS. Ní 2004, ilé ẹjọ́ ní òun kò láṣẹ láti gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, pé àwọn ìjọba nìkan ló lè wá. Ó pàdánù ẹjọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà tú àlébù ètò náà síta. Ní 2005, wọ́n ṣe àfikún àdéhùn tó fún ẹnikẹ́ni láǹfààní láti mú ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn wá síbẹ̀ láìkọ́kọ́ parí rẹ̀ ní kóòtù ilé.

Kò dìgbà tí a bá dé Abuja ká tó lo Àdéhùn Áfíríkà. Kóòtù gíga tó wà nítòsí wa lè gbọ́ ọ. Láti 1994 ni ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ti sọ pé bí wọ́n ṣe ń pe ẹjọ́ ẹ̀tọ́ mìíràn ni kí wọ́n ṣe pe èyí. Ìlànà tí Adájọ́ Àgbà Idris Kutigi gbé kalẹ̀ ní 2009 fún irú ẹjọ́ wọ̀nyí tún mú un rọrùn sí i: ó ka ẹ̀tọ́ inú Àdéhùn Áfíríkà mọ́ ẹ̀tọ́ tí à ń jà fún, ó sì ní kí adájọ́ má ṣe lé ẹni tó mú ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn wá padà torí pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn án tààrà. Síbẹ̀, ìwé ẹjọ́ tó pọ̀ ṣì ń kọjá níwájú mi tí abala 34 àti 35 ìwé òfin nìkan wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín. Bàbá kan wọ ọ́fíìsì mi.

“Ẹ jókòó, Bàbá. Ìgbà wo ni wọ́n mú un?”

“Ọjọ́ Àìkú tó lọ lọ́hùn-ún ni, lọ́yà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń wá o. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ yẹn jí mọ́tò. Wọn ò rí i, ni wọ́n bá mú tèmi. Wọ́n ní ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá yọjú ni wọ́n á tó fi í sílẹ̀.”

“Ṣé wọ́n ti gbé e dé kóòtù?”

“Kóòtù wo, ọmọ mi? Wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n rí i.”

Mẹkáníìkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ni ọmọ náà. Lọ́yà ọ̀dọ́ tó wà lọ́dọ̀ mi kọ ìwé ẹjọ́, ó fi abala 35 sí i, èyí tó ní kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n bá mú dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan, tàbí ọjọ́ méjì bí kóòtù bá jìnnà. Ó kọ ọ́ dáadáa. Mo ní kó fi abala 7(2) Àdéhùn Áfíríkà kún un. Ibẹ̀ ló ti sọ pé ti ẹni tó ṣẹ̀ ni ìyà, a kò gbọdọ̀ fi jẹ ẹlòmíràn. Kò sí gbólóhùn tó ṣe tààrà bẹ́ẹ̀ nínú ìwé òfin wa, gbólóhùn yẹn sì ni ọ̀rọ̀ ọmọ yìí gan-an: wọ́n fi ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀rẹ́ tì í mọ́lé. Ní kóòtù, agbẹjọ́rò ọlọ́pàá dìde pé ìwé òkèèrè ni a gbé wá. Adájọ́ ní kí n fi han òun. Mo gbé ìwé Òfin Àpapọ̀ Nàìjíríà ti 2004 sílẹ̀, mo ṣí i sí A9, ibi tí Àdéhùn Áfíríkà wà. Adájọ́ kà á sókè, ó gbójú sókè, ó sì bi agbẹjọ́rò ọlọ́pàá bóyá ìlú òkèèrè ni wọ́n ti tẹ ìwé náà. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n fi ọmọ náà sílẹ̀.

Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ pàápàá ti ń tọ ọ̀nà yìí. Epo bẹ́ sínú àwọn odò ní Acha ní Ìpínlẹ̀ Abia, omi tí àwọn ará ibẹ̀ gbójú lé. Àjọ kan tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí epo gbé ilé iṣẹ́ epo NNPC lọ sí kóòtù, ilé iṣẹ́ náà sì ní àjọ náà kì í ṣe ará Acha, kí ló kàn án? Ní oṣù keje 2018, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní àjọ náà lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ẹjọ́. Àwọn adájọ́ so abala 33 ìwé òfin lórí ẹ̀tọ́ sí ìyè pọ̀ mọ́ abala 24 Àdéhùn Áfíríkà lórí àyíká: ta ni yóò wà láàyè pẹ́ bí omi tó ń mu bá ní májèlé nínú? Ti òṣìṣẹ́ tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí a ti fi abala 254C kún ìwé òfin, ilé ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láṣẹ láti lo àdéhùn àgbáyé lórí iṣẹ́ tí Nàìjíríà bá ti buwọ́ lù. Ní 2013, ó lo irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ láti dá obìnrin kan láre tí wọ́n ń fi ìbálòpọ̀ yọ lẹ́nu níbi iṣẹ́. Àdéhùn 1985 yẹn, tí ilé aṣòfin kò tíì sọ di òfin, wúlò fún obìnrin kan lọ́jọ́ yẹn, torí pé ìwé òfin ti lanu sọ pé kó wọlé.

Ẹ wá jẹ́ ká kọjá bodè díẹ̀. Ará kan ni Ìmẹ̀kọ àti Kétu, bodè tí òyìnbó fà ló pín wọn sí orílẹ̀-èdè méjì. Ní Kútọnu, ní Orílẹ̀-èdè Benin, àpérò gbogboogbò oṣù kejì 1990 bí ìwé òfin tó jáde ní oṣù kejìlá ọdún yẹn. Abala 7 rẹ̀ sọ pé ẹ̀tọ́ inú Àdéhùn Áfíríkà jẹ́ ara ìwé òfin náà. Abala 147 sì ní àdéhùn tí wọ́n bá buwọ́ lù, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde, ga ju òfin lásán lọ. Kò sí pé aṣòfin ń fagi lé e bó ṣe wù ú. Aráàlú fúnra rẹ̀ lè kọ lẹ́tà sí ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ìwé òfin. Orúkọ, àdírẹ́sì àti ìfọwọ́sí tàbí ìtẹ̀ka ni wọ́n ń béèrè. Ẹni tí kò mọ̀wé lè fi àtàǹpàkò pe ìjọba lẹ́jọ́. Ní oṣù kejìlá 2002, ilé ẹjọ́ yẹn kọ apá kan òfin ìdílé tí àwọn aṣòfin ṣe, nítorí ó gba ọkùnrin láàyè láti fẹ́ ju ìyàwó kan lọ nígbà tí obìnrin kò gbọdọ̀ ní ju ọkọ kan lọ. Wọ́n tún òfin náà ṣe kí ààrẹ tó fọwọ́ sí i ní 2004. Ẹ̀yin lè fara mọ́ ìdájọ́ yẹn tàbí kí ẹ má fara mọ́ ọn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni bí àdéhùn ṣe wọ ìyẹ̀wù lọ, torí pé ìwé òfin ti gbé e sínú ara rẹ̀.

Síbẹ̀ Benin náà kò bọ́ nínú ewu. Ní 2020, ìjọba ibẹ̀ fa ọwọ́ sẹ́yìn nínú ìkéde tó jẹ́ kí aráàlú lè lọ tààrà sí Ilé Ẹjọ́ Áfíríkà ní Arusha. Nàìjíríà kò tilẹ̀ ṣe irú ìkéde bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ wo Niger náà. Hadijatou Mani ni wọ́n tà lẹ́rú nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 12, ní 240,000 owó CFA. Òfin ilẹ̀ Niger ti ka kíkó ẹrú sí ẹ̀ṣẹ̀ láti 2003, síbẹ̀ kóòtù ilé rán obìnrin náà lẹ́wọ̀n pé ó lọ fẹ́ ọkọ míì nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó ẹni tó rà á. Ilé ẹjọ́ ECOWAS ló dá a láre ní oṣù kẹwàá 2008, ó sì ní kí Niger san mílíọ̀nù 10 CFA fún un. Ní oṣù kìn-ín-ní 2025, ìjọba ológun Niger kúrò nínú ECOWAS. Ẹni tó bá wà nínú irú ipò Hadijatou lónìí, ibo ni kó gbà?

Ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi nìyẹn: àdéhùn tí kò rìn jìnnà wọnú ìwé òfin, ọwọ́ ẹni tó bá wà lórí àléfà ló wà. Ìdájọ́ ọdún 2000 tó fún Àdéhùn Áfíríkà lágbára ní Nàìjíríà ló tún sọ pé ìbò ilé aṣòfin lè gbá a dànù. Nítorí náà, nígbàkígbà tí wọ́n bá tún ń pè wá sí àtúnṣe ìwé òfin, kí a béèrè pé kí wọ́n kọ Àdéhùn Áfíríkà sínú Orí Kẹrin bí Benin ti ṣe, kí wọ́n sì tú abala 6(6)(c) palẹ̀ kí ẹ̀kọ́ àti ìlera lè dé iwájú adájọ́.

Èyí tí kò gba àtúnṣe kankan wà lọ́wọ́ wa báyìí. Mo ń bẹ ẹ̀yin lọ́yà ẹgbẹ́ mi: ẹ má kọ ìwé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kan sílẹ̀ mọ́ láìfi Àdéhùn Áfíríkà sí i. Ìdájọ́ tí ẹ kò bá béèrè fún, adájọ́ kò lè fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ wà nípò agbẹjọ́rò àgbà ìjọba, ìdájọ́ ilé ẹjọ́ ECOWAS tó wà lórí tábìlì yín, gbèsè orílẹ̀-èdè ni. Ẹ san án. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀yin oníṣòwò, bí ọ̀ràn bá gbé yín dé ọ̀dọ̀ lọ́yà, ẹ bi í léèrè bóyá ó ti fi abala Àdéhùn Áfíríkà kún ẹjọ́ yín. Bí kò bá tíì fi í sí i, ẹ ní kó fi sí i. Ìbéèrè yẹn kò ní ná yín ní kọ́bọ̀, ó sì lè jẹ́ òun ni yóò tú ọmọ yín sílẹ̀.